Iná Pupa n'Ílùú Ọba: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Dáàbò Bo Láísẹ́ǹsì Yín

Ẹni tó bá kọjá iná pupa n'Ílùú Ọba máa san £100. Owó tí í dun èèyàn ni, àmọ́ a ó san án, a ó sì gbàgbé. Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ni póǹtì 3 (àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì awakọ̀) tó máa ń bá owó náà rìn, àti lẹ́tà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé, torí pé ohun tí àwọn kan fi lẹ́tà yẹn ṣe ló sọ ọ̀rọ̀ £100 di ẹjọ́ sí wọn lọ́rùn. Àwa tá a ń wakọ̀ ní England àti Wales ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó ti wakọ̀ pẹ́ nílé kó tó dé. Ẹni tó ti já oríta Ojúẹlẹ́gba gbà lọ́jọ́ tí iná ò sí, tí LASTMA náà ò sí, máa ń rò pé ojú tó ti rí òkun ò lè bẹ̀rù ọ̀sà. Kámẹ́rà wà nínú ọ̀sà tibí.

Ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín

Yálà kámẹ́rà ló mú yín tàbí ọlọ́pàá ló dá yín dúró, £100 àti póǹtì 3 ni. TS10 ni àmì tí wọ́n máa kọ sí i lójú ìwé DVLA, àjọ tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Ọdún 4 ló máa fi wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 3 ni wọ́n fi ń kà á mọ́ òmíràn. Ẹni tí póǹtì rẹ̀ bá pé 12 láàárín ọdún 3 yẹn, kóòtù sábà máa ń gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún oṣù 6, ó kéré tán. Bí iná pupa kan ṣoṣo bá di ọ̀rọ̀ kóòtù, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000, owó ẹjọ́ á sì tún gun orí rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà ò yọ sílẹ̀ o: £50 ni tiwọn, kò sí póǹtì.

Ibi tó ti ń ká àwọn èèyàn wa lára jù nìyí. Òfin 1995 kan wà fún awakọ̀ tuntun: ẹni tí póǹtì rẹ̀ bá dé 6 kó tó pé ọdún 2 tó yege ìdánwò, wọ́n á fagi lé láísẹ́ǹsì rẹ̀. Á padà lọ gba ti ọmọlẹ́kọ̀ọ́, á tún ìdánwò orí ìwé ṣe, á tún ti ojú títì ṣe. Ọgbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ fi wakọ̀ láti Ọjọ́ta sí Mowé kò sí nínú ìṣirò wọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ yege níbí lẹ di awakọ̀ lójú wọn. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún lè jẹ́ awakọ̀ tuntun. Nítorí náà, iná pupa méjì péré ti tó láti mú un padà sídìí L, àmì ọmọlẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Iná pupa kan àti eré àsápajúdé kan náà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ṣì ń fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wakọ̀ láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́ tí òfin yọ̀ǹda, kó má rò pé póǹtì ò ní ríbi dúró sí. DVLA á ṣí àkọsílẹ̀ fún un, wọ́n á kó póǹtì náà síbẹ̀, á sì dúró dè é.

Kẹ́ ẹ tún gbọ́ eléyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni: ẹni tó dúró jẹ́jẹ́ níwájú iná pupa, tó wá mú fóònù dání láti wo WhatsApp, ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo ju ti ẹni tó kọjá iná lọ. £200 àti póǹtì 6 ni. Ọkọ̀ tó dúró torí iná, wíwà lẹ ṣì ń wà á lójú òfin.

Yẹ́lò ló ń mú èèyàn, pupa kọ́

Àwọn tó ń dìídì já iná pupa ò pọ̀. Èyí tó pọ̀ ni ẹni tó rí yẹ́lò, tó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, tí pupa wá bá a lórí ìlà.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni iná wọn ń yí padà: pupa, pupa pẹ̀lú yẹ́lò, gíríìnì, yẹ́lò, ká tó tún padà sí pupa. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn ló ń sọ pé kẹ́ ẹ dúró. Yẹ́lò kì í ṣe "ẹ ṣe kíá". Ohun tí Highway Code, ìwé òfin ojú títì wọn, wí ni pé kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn ìlà funfun, àfi bó bá jẹ́ pé ẹ ti kọjá ìlà kó tó tàn, tàbí pé ẹ ti sún mọ́ ọn débi pé bẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ó lè fa ìjàm̀bá. Pupa pẹ̀lú yẹ́lò náà, dúró ni. Ẹni tó bá gbéra nígbà yẹn torí pé gíríìnì ń bọ̀ ti ṣẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 2 péré sì ni ì bá fi dúró.

Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni yẹ́lò nìkan fi ń tàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí pé ẹni tó bá mọ ìṣirò yìí ò ní máa ṣiyèméjì lórí síárín.

Ọkọ̀ tó ń sá eré 30 (máìlì ni wọ́n ń kà níbí, kì í ṣe kìlómítà) ń rin nǹkan bíi mítà 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí yẹ́lò tó di pupa, á ti rin mítà 40. Highway Code sì sọ pé mítà 23 ni ọkọ̀ tó ń sá 30 nílò kó tó dúró pátápátá lójú títì tó gbẹ: 9 kí ọpọlọ tó ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, 14 lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti kan bíréèkì. Ẹ ka mítà 23 sí ọkọ̀ 6 tó tò tẹ̀lé ara wọn. Bí yẹ́lò bá tàn nígbà tí àyè tó wà láàárín yín àti ìlà gba ọkọ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè dúró láìsí wàhálà, ẹ dúró. Bí àyè náà kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ ó ti kọjá ìlà kí pupa tó dé. Kò sí ibi tẹ́ ẹ máa há sí láàárín méjèèjì.

Òjò ló ń da ìṣirò yẹn rú. Bí títì bá tutù, ìrìn tí ọkọ̀ nílò kó tó dúró lè di ìlọ́po méjì, ìyẹn mítà 46. Yẹ́lò ò fún yín ju 40 lọ. Ẹ wá rí i pé ibì kan ti wà báyìí tẹ́ ẹ ò ti lè dúró, tẹ́ ẹ ò sì ti lè kọjá. Ẹ wo ti ẹni tó ń sá 20: mítà 12 ló nílò lójú ilẹ̀ gbígbẹ, 24 nínú òjò, yẹ́lò sì fún un ní nǹkan bíi 27. Kódà nínú òjò, kò lè há. Àwọn kan ń bínú pé ọ̀pọ̀ títì Lọ́ńdọ̀nù ti di 20. Èmi ò bá wọn bínú ní ti oríta.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ oríta

*Ìgbésẹ̀ 1.* Bẹ́ ẹ bá ti rí gíríìnì lókèèrè, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé ìgbà wo ló ti ń tàn. Gíríìnì tó ti ń tàn kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ kà á sí èyí tó fẹ́ kú. Ẹ wo àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ sọdá: bí wọ́n bá ti kóra jọ sétí títì, tí àpótí tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀ ti ń kọ WAIT, iná yín ò ní pẹ́ yí. Ẹ wo títì ẹ̀gbẹ́ náà: bí ọkọ̀ bá ti tò rẹpẹtẹ níbẹ̀, bákan náà ni. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ gbé e sókè bíréèkì láìtẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ti gé díẹ̀ kúrò nínú mítà 9 tí ọpọlọ ń jẹ.

*Ìgbésẹ̀ 2.* Ẹ fojú mú ohun kan létí títì tó tó ọkọ̀ 6 sí ìlà: òpó iná, ìdérí gọ́tà, igi. Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ìdúró ni ìpinnu yín bí yẹ́lò bá tàn. Bẹ́ ẹ bá ti kọjá rẹ̀, ẹ máa lọ, ẹ má wẹ̀yìn. Nínú òjò, ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀ rárá.

*Ìgbésẹ̀ 3.* Ẹ rí i dájú pé iná tiyín lẹ ń wò. Ní oríta ńlá, ọ̀nà tó ń lọ tààrà lè ní gíríìnì nígbà tí ọfà ọwọ́ ọ̀tún ṣì wà ní pupa. Ẹni tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún á rí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gbéra, òun náà á gbéra. Ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

*Ìgbésẹ̀ 4.* Ẹ má lẹ̀ mọ́ ìdí bọ́ọ̀sì alájà méjì. Ó bo iná mọ́ yín lójú. Òun á kọjá nínú yẹ́lò, pupa á sì já lé yín lórí. Ẹ sún sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí iná.

*Ìgbésẹ̀ 5.* Ìlà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ọ̀pọ̀ oríta ló ní ìlà funfun méjì pẹ̀lú àwòrán kẹ̀kẹ́ láàárín wọn. Àyè àwọn oníkẹ̀kẹ́ nìyẹn. Bí pupa bá ti tàn kẹ́ ẹ tó dé ìlà àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ sì wọ inú àyè náà, £100 àti póǹtì 3 ni, bẹ́ ẹ tilẹ̀ dúró síbẹ̀ bí ère. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti kọjá ìlà àkọ́kọ́ kí iná tó yí, ìlà kejì ni kẹ́ ẹ dúró sí.

*Ìgbésẹ̀ 6.* Áńbúláǹsì wà lẹ́yìn yín, ó ń ké, pupa wà níwájú. Ọmọlúàbí á fẹ́ sún kọjá ìlà kó lè fún un láyè. Ẹ má ṣe é. Òfin ò fún yín láṣẹ láti kọjá pupa nítorí áńbúláǹsì, àfi bí ọlọ́pàá bá fọwọ́ pè yín. Ẹ dúró sí àyè yín, awakọ̀ áńbúláǹsì mọ bó ṣe máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá. Ó le létí, mo mọ̀, pàápàá fún ẹni tí wọ́n kọ́ nílé pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣáájú gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ti ẹni tó ń tẹ fèrè lẹ́yìn yín torí pé ẹ dúró fún yẹ́lò, kò ní bá yín pín póǹtì.

Bí iná bá kú pátápátá, ẹ kà á sí oríta tí kò ní àmì: kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ ju ẹnì kejì lọ, jẹ́jẹ́ ni gbogbo yín á fi máa kọjá. Ibi yìí nìkan ni ọgbọ́n Ojúẹlẹ́gba ti wúlò.

Kámẹ́rà

Lábẹ́ títì, nítòsí ìlà, ni wọ́n ri wáyà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ kọjá. Bí pupa bá ti tàn, ọkọ̀ tó bá gùn ún kọjá, kámẹ́rà á ya fọ́tò kan, á tún ya èkejì láìpẹ́ kó lè hàn pé ńṣe ló ń lọ. Ti yẹ́lò ò kàn án. Àmọ́ àwọn kan nínú wọn ń ṣọ́ eré pẹ̀lú, kódà nígbà tí gíríìnì bá ń tàn, nítorí náà ẹni tó sá eré kó lè bá gíríìnì lè rí lẹ́tà tí kò retí.

Bí lẹ́tà bá dé

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú lẹ́tà tó jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ Penalty Charge Notice sí, ti káńsù tàbí ti Transport for London (TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù) ni: ẹ dúró sínú àpótí aláwọ̀ yẹ́lò ní oríta, ẹ yà níbi tí wọ́n ní ẹ má yà, ẹ páàkì sójú ìlà pupa. Ti ojú ìlà pupa TfL, £160 ni, ìdajì rẹ̀ bẹ́ ẹ bá san kó tó pé ọjọ́ 14. Kò ní póǹtì. Ìlà pupa àti iná pupa kì í ṣe ọmọ ìyá. Ti iná pupa, ọlọ́pàá ló ni ín, Notice of Intended Prosecution (ìkìlọ̀ pé wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́) ló máa wà lórí rẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló sì ń gbà wá. Bí ẹnì kan bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù yín pé ẹ tẹ ibì kan kẹ́ ẹ san owó iná pupa, gbájú-ẹ̀ ni.

*Àkọ́kọ́, ẹ wo déètì.* Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Ẹ má tíì jó o. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tàbí ọkọ̀ háyà ni, ọ̀dọ̀ wọn ni àkọ́kọ́ lọ, tiyín lè dé lẹ́yìn oṣù kan, ó ṣì múlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kó kúrò ní Peckham lọ sí Dartford, tẹ́ ẹ ò yí àdírẹ́sì padà lórí V5C, ìyẹn ìwé ọkọ̀, Peckham ni lẹ́tà máa lọ, ẹ̀bi yín sì ni. Àìyí àdírẹ́sì yẹn padà fúnra rẹ̀ lè ná yín tó £1,000. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró lójú títì tó sì kìlọ̀ fún yín níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ 14 ò kàn yín mọ́.

*Ẹ dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 28.* Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ló wakọ̀. Ẹni tó fi lẹ́tà yìí sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n títí tó fi gbàgbé ti sọ póǹtì 3 di 6, owó rẹ̀ sì lè gun £1,000. Awakọ̀ tuntun tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti pàdánù láísẹ́ǹsì rẹ̀ lórí ìwé tí kò kọ. Kódà bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn ṣẹjọ́ lórí iná, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Dídárúkọ awakọ̀ kò túmọ̀ sí pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ìwé, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ sì gba ẹ̀rí ìfìwéránṣẹ́ ní Post Office, ọ̀fẹ́ ni.

*Orúkọ ẹni tó wakọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ.* Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí mi dáadáa. Láàárín tọkọtaya, láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀rọ̀ "jẹ́ n bá ẹ gbà á, tèmi ò tíì ní póǹtì" máa ń dà bí oore. Ẹ̀wọ̀n ni. Chris Huhne, tó ti jẹ́ mínísítà, àti Vicky Pryce tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, gba oṣù 8 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní 2013, lórí póǹtì eré àsápajúdé tí obìnrin náà bá a gbà ní 2003. Ọdún 10 ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà. Fiona Onasanya, aṣòfin Peterborough, tí orúkọ rẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa, gba oṣù 3 ní January 2019 torí pé ó parọ́ nípa ẹni tó wa ọkọ̀ rẹ̀. Kí May ọdún náà tó parí, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé tó yọ ọ́ nílé aṣòfin. Àwọn méjèèjì tó jẹ́ òṣèlú yẹn, póǹtì 3 ni wọ́n ń sá fún. Ẹni tó sì ń gbèrò láti kọ orúkọ ìbátan tó wà ní Ìbàdàn, pé "ó wá kí wa ni, ó ti padà," kó mọ̀ pé ọlọ́pàá lè béèrè ẹ̀rí pé onítọ̀hún wà níbí lọ́jọ́ náà, àti ìbánigbófò tó fi wakọ̀. Bí ọkọ bá ni ọkọ̀ tí ìyàwó sì wà á lóòótọ́, kò sí wàhálà: ẹ kọ orúkọ ìyàwó, lẹ́tà tuntun á wá ní orúkọ tiẹ̀, ọjọ́ 28 tiẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀.

*Ẹ béèrè fọ́tò.* Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá ló ní ibi tẹ́ ẹ ti lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wíwò rẹ̀ kò dá ọjọ́ 28 dúró. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ tó wà nínú fọ́tò kì í ṣe tiyín, tí ẹnì kan ló ń lo nọ́ńbà yín, ẹ kọ̀wé sí wọn kíá, ẹ fi fọ́tò ọkọ̀ yín ránṣẹ́, kí ibi tó yàtọ̀ hàn: ríìmù táyà, àpá ara bọ́ńpà, ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ má san kọ́bọ̀.

*Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ̀wé sí awakọ̀.* Ó lè san £100, kó gba póǹtì 3. Bí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún 3, wọ́n lè fún un láǹfààní láti lọ jókòó gba ẹ̀kọ́ dípò rẹ̀. Òun ló máa sanwó ẹ̀kọ́, àmọ́ póǹtì ò ní wọlé. Bí wọ́n bá fi lọ̀ yín, ẹ gbà á lọ́jọ́ náà. Ọlọ́pàá ló ń pinnu bóyá wọ́n á fi lọni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ọ̀nà kẹta ni kóòtù. Bí fọ́tò bá fi hàn pé pupa ti tàn kí táyà iwájú tó kan ìlà, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa gba ibẹ̀ lọ: ìdajì owó tó ń wọlé fún yín lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ìtanràn náà sí, póǹtì ò sì yí padà. Ẹni tó ní ẹjọ́ rere, tó ní ẹ̀rí kámẹ́rà inú ọkọ̀ tiẹ̀, kó kọ́kọ́ rí lọ́yà.

*Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò nígbà tí wọ́n bá béèrè.* Ọ̀pọ̀ wọn ló ń béèrè nípa ọdún 5 sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé DVLA ti pa TS10 rẹ́ lẹ́yìn ọdún 4. Ẹni tó parọ́ níbẹ̀ lè wá rí i lọ́jọ́ ìjàm̀bá pé òun ò ní ìbánigbófò rárá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye póǹtì tó wà lọ́rùn yín báyìí, ẹ lọ sí GOV.UK, ibi tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà National Insurance àti póòsìkóòdù tó wà lórí láísẹ́ǹsì ni wọ́n máa béèrè, wọn kì í gba owó.